Bí Mo Ṣe Sọ Aago Mẹ́wàá Àárọ̀ Di Òru Nítorí Kíláàsì Ròfíà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Nǹkan kan ṣe mí lọ́dún yìí, mo sì fẹ́ fi ẹnu ara mi rò ó kí àwọn ará abà wa tó bá mi rò ó tán. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri ni pé mo kó ọmọ ọlọ́mọ sínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan, mo sì kùn wọ́n lóorun. Irọ́ kọ́ o! Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe jẹ́.

Èmi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, àfi kí òun kọ́kọ́ bá mi jà. N ò sì kàwé. Ọmọ ọmọ mi, Ròfíà, ló ń bá mi tẹ èyí sínú fóònù rẹ̀. Ó ti ń rẹ́rìn-ín, a ò sì tíì débì kankan! Ròfíà, tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ròfíà yìí náà lọ̀rọ̀ kàn. Ó jáde nílé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ó wá bá wa lábà wa, lẹ́bàá Akánrán níbí. Gbogbo wa rò pé ó wá kí wa ni. Àṣé ó wá jókòó ni! Ó ní àwọn ọmọ wa tí wọn ò tíì tó lọ sí sùkúù ńlá, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn ní nǹkan kan. Inú iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń wà títí wọn á fi pé ọdún mẹ́fà, tí wọ́n á wá máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí sùkúù tó wà lẹ́bàá títì. Bí wọ́n bá sì débẹ̀, wọ́n á kàn máa wo pátákó bí ìgbà tí àgùntàn ń wo ọlọ́pàá.

Baálẹ̀ yá a ní ilé kòkó rẹ̀, yàrá kan, fèrèsé méjì. Ojú mi ló ṣe. Ó ní bí ìjọba bá gba kíláàsì náà wọlé, ilé di ti Ròfíà. Bí wọn ò bá sì gbà á kí ìkórè tó dé, kòkó òun ń padà sílé rẹ̀ nìyẹn. Ròfíà kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan wá wò ó. Bí ẹni yẹn bá ní ó dáa, kíláàsì dúró. Bó bá ní kò dáa, kòkó dé.

Kí ló wà nínú kíláàsì ọ̀hún? Hà! Ẹní mẹ́ta. Ìdérí ìgò mínírà tó ṣà jọ, tó fi ọ̀dà kọ lẹ́tà sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èédú tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀. Tiré kan tí wọ́n da iyanrìn sí: ọmọ á fìka kọ̀wé sí i, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, ó parẹ́, ẹlòmíì á kọ tiẹ̀. Ìwé ńkọ́? Ìwé kan ṣoṣo. Èkúté sì ti bá wọn ka ojú ìwé mẹ́rin tó ṣáájú tán, ó kà á jẹ.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó, mo ń pọ́n àdá, ló bá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi pàlọ́ fáwọn ọmọ mi."

Mo ní kí ló kan àlọ́ nínú ìwé kíkà?

Ó ṣàlàyé. Ó ní ọmọ tí ò bá mọ bí ìtàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń lọ, bó ṣe ń parí, bó bá rí ìwé, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní etí ló ń kọ́kọ́ kàwé kí ojú tó kà á. Bí etí bá ti lè gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, iṣẹ́ ojú ò ní pọ̀ mọ́. Ó ní òun ò níwèé, ṣùgbọ́n òun ní bàbá. N ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Mo bi í pé ìgbà wo ni ká ṣe é. Ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, ẹ gbọ́: wọn kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ìyá ìyá mi ló sọ fún mi pé ẹni tó bá pàlọ́ lójú oòrùn, ìyá rẹ̀ á sọnù sọ́jà. Tèmi ti rọrùn, ìyá mi ti kú tipẹ́, ibo ló tún fẹ́ sọnù sí? Ṣùgbọ́n ọmọ mọ́kànlélógún ló wà nínú kíláàsì yẹn, gbogbo ìyá wọn ló sì ń ná ọjà Akánrán. Ṣé kí n wá kó ìyá mọ́kànlélógún sọnù lẹ́ẹ̀kan náà? Ta ló máa se ọbẹ̀ lábà?

Ròfíà ní ọgbọ́n àwọn àgbà ni, pé wọn ò fẹ́ káwọn èèyàn pa iṣẹ́ oko tì, kí wọ́n máa pàlọ́ kiri. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní n ò ṣe.

Mo lọ bá Áfáà Búsàrí, ọ̀rẹ́ mi, ilé wa kọjú síra. Mo bi í bóyá ó wà nínú Kùránì. Ó ronú títí, ó ní kò sí níbẹ̀. Inú mi dùn. Ló bá tún fa irùngbọ̀n, ó ní, "Ṣùgbọ́n Làmídì, ìyá bàbá tèmi náà sọ ọ́ fún mi o. Jọ̀ọ́, má dárúkọ mi mọ́ ọn." Ẹ ẹ̀ rí áfáà!

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ròfíà ò fi bá mi sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Á gbé oúnjẹ wá, á kúnlẹ̀, "Bàbá, oúnjẹ rèé," ó tán. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ wá fẹ́ pa mí! Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n fi fóònù pè é pé ẹni tó ń bọ̀ wá wo kíláàsì ń bọ̀ ní Àlàrùbá tó ń bọ̀, Ọjọ́rú tẹ́yin ń pè yẹn. Ọmọ náà wọ yàrá, mo sì ń gbọ́ tó ń fa imú. Kò sunkún síta o. Imú ló kàn ń fà.

Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní kí n yẹ tapólì tí mo fi ń sá kòkó wò, kí n mọ ibi tó ti lu kí ìkórè tó dé. Mo kó sábẹ́ rẹ̀. Oòrùn wà níta o, oòrùn tó ń yan èèyàn bí àgbàdo. Ṣùgbọ́n abẹ́ tapólì dúdú yìí, òkùnkùn birimù! Mo jókòó síbẹ̀. Mo wá rò ó pé àwọn àgbà ní ká má pàlọ́ lójú oòrùn. Ta ló wá ní dandan ni kí oòrùn wọlé?

Mo pariwo, "Ròfíà!" Ó sáré wá, kò rí mi. Abẹ́ tapólì ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ó rò pé orí mi ti yí.

Nígbà tó di Àtìní, ọjọ́ Ajé tẹ́yin ń pè, èmi pẹ̀lú rẹ̀ fi tapólì bo fèrèsé méjèèjì, a ta ẹní sẹ́nu ọ̀nà, a gbé àtùpà kọ́ sínú ilé kòkó. Ròfíà kó àwọn ọmọ jọ síta, ó ní ilẹ̀ ti ṣú nínú kíláàsì, ó ní kí wọ́n máa wọlé. Ẹ ẹ̀ rí ọmọdé? Wọn ò jiyàn! Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ káalẹ́, Bàbá!" "Ẹ káalẹ́, Bàbá!" Lágogo mẹ́wàá àárọ̀! Wàsíù, ọmọ ọdún mẹ́rin kan tó máa ń jẹun bí ẹni gbọ̀nà oko bọ̀, ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀bà òun dà? Sùlíyà ní òun fẹ́ tọ̀. Wọ́n ní kó bọ́ síta. Ó kọ̀, ó ní òun ò lè dá jáde lóru. Ròfíà bá mú un lọ́wọ́, wọ́n jáde sínú oòrùn, ọmọ tọ̀ tán, ó ń ṣẹ́jú, ló bá sáré padà sínú òru.

Ó kan èmi. Mo pàlọ́ o! Mo ní, "Adìyẹ kan wà. Ó yé ẹyin sábẹ́ igi kòkó. Ó lọ jẹ̀, ó dé, kò rí ẹyin mọ́. Inú bí i."

Ròfíà ń wò mí. Ó ní, "Bàbá, ó kù?" Mo ní ó tán.

Àwọn ọmọ ló gbà mí! Wàsíù ní ẹyin mélòó ni. Mo ní mẹ́fà. Òmíì ní ta ló jí i. Mo ní Adìyẹ náà ò mọ̀. Wọ́n ní kí ló wá ṣe? Mo ní ó gun orí ẹ̀ka igi, ó ní òun máa ṣọ́ olè náà, òun ò ní sùn títí òun á fi rí i. Wọ́n ní ṣé kò sùn lóòótọ́? Mo ní kò sùn. Ewúrẹ́ kọjá, ó ní Adìyẹ lọ sùn, kò sùn. Pẹ́pẹ́yẹ kọjá, ó ní Adìyẹ lọ sùn, kò sùn. Bí wọ́n ṣe ń bèèrè ni mò ń dáhùn, ni àlọ́ ń gùn. Wállàhì, kì í ṣe èmi ni mo pàlọ́ yẹn, wọ́n kàn ń fà á jáde lẹ́nu mi bí ẹni fa okùn lẹ́nu kànga ni. Ìgbà tí wọ́n tún bi mí pé ta ló jí ẹyin, mo ní ó di ọ̀la.

Kí ló dé tí mo fi ní ó di ọ̀la? Èmi náà ò mọ ẹni tó jí i!

Lọ́jọ́ kejì mo fi orin sí i. Èmi á ní, "Adìyẹ, ilẹ̀ ti ṣú," wọ́n á ní, "Tẹ́rẹ́nà." "Adìyẹ, lọ sùn o." "Tẹ́rẹ́nà." "Ẹyin mi ńkọ́?" "Tẹ́rẹ́nà." Ròfíà ní kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí orúkọ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu: a, dì, yẹ, àtẹ́wọ́ mẹ́ta. Ó da ìdérí ìgò sílẹ̀ lábẹ́ àtùpà, ó ní kí wọ́n wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ adìyẹ àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ẹyin. Wọ́n ń dù ú mọ́ra wọn lọ́wọ́! Wọ́n tún bi mí pé olè dà. Mo ní ó di ọ̀la.

Àlàrùbá dé. Àwọn ìyá ti fi ògì àti àkàrà bọ́ àwọn ọmọ yó kẹ́rí, nítorí àlejò. Ìyá Sùlíyà tiẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ sọ́jà, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé oòrùn kankan ò lè wọlé. Ó ní òun lọ́mọ mẹ́rin o, òun ò ráyè sọnù. Mo ní kó máa lọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní àlejò máa dé. Mẹ́sàn-án kọjá. Mẹ́wàá kọjá. Ròfíà ní òun ń lọ dúró de àlejò ní oríta, ó ní kí n máa bá wọn kọrin kí wọ́n má baà tú jáde. Mo bẹ̀rẹ̀. "Adìyẹ, ilẹ̀ ti ṣú." "Tẹ́rẹ́nà." Inú ilé gbóná, àtùpà ń jó fírífírí, ògì wà níkùn. "Adìyẹ, lọ sùn o." "Tẹ́... rẹ́..." Wàsíù ló kọ́kọ́ lọ. Ó gbé orí lé orókún mi. Lẹ́yìn náà, ẹní àkọ́kọ́ lọ látòkèdélẹ̀. Nígbà tó yá, èmi nìkan ló ń dá orin, tó ń gbè é. Mo ní kí n kàn fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀.

Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé ẹnì kan ká ẹní ẹnu ọ̀nà sókè, oòrùn já wọlé gbàgà!

Màdáàmù kan ni, ó wọ dígí, ó gbé fáìlì mọ́yà. Ròfíà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọmọ mọ́kànlélógún sùn sílẹ̀ bí iṣu tí wọ́n tò sínú ọkọ̀, arúgbó kan ń hanrun láàárín wọn. Mo dìde fìrì. Kí ni ẹnu mi sọ?

"Ẹ káalẹ́, mà."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káalẹ́ kẹ̀? Bàbá, aago méjìlá ọ̀sán ló lù yìí!"

Mo ní, "Níta ni, mà. Nínú ilé níbí, ilẹ̀ ti ṣú."

Ó yíjú sí Ròfíà, ó bi í bóyá wọ́n fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní nǹkan mu. Ròfíà bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, gẹ̀ẹ́sì náà ń kọsẹ̀. Màdáàmù ṣí fáìlì, ó ń kọ̀wé. Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n mo mọ ìró bíro tó ń wọ́ nǹkan nù. Mo wo ojú Ròfíà. Mo ti ń rí kòkó nínú ilé yẹn.

Ariwo bíro yẹn ni Wàsíù gbọ́ àbí ìmọ́lẹ̀ ni? N ò mọ̀. Ó kàn jí, ó fọwọ́ nu itọ́, ó rí oòrùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀! Ilẹ̀ ti mọ́! Ṣé Adìyẹ ti rí olè?"

Ni gbogbo wọn bá jí! "Ṣé ó ti rí olè? Ṣé ó ti rí olè?"

Màdáàmù ní adìyẹ wo?

Hẹ̀n! Wọn ò jẹ́ kó mí. Ọ̀kan ní adìyẹ kan ló yé ẹyin mẹ́fà. Èkejì ní rárá, ìwọ ò kọ́kọ́ sọ igi kòkó! Wọ́n dá a padà síbi igi kòkó. Bí ẹnì kan bá fi Pẹ́pẹ́yẹ ṣáájú Ewúrẹ́, wọ́n á pariwo lé e lórí. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí a, sí dì, sí yẹ. Sùlíyà fa tiré iyanrìn, ó fìka kọ lẹ́tà kan, ó ní Adìyẹ nìyẹn. Ó ṣa ìdérí ìgò kan láàárín gbogbo wọn, ó ní ẹyin rẹ̀ nìyí, ó gbé e síwájú Màdáàmù.

Màdáàmù ti jókòó sórí ẹní. Mi ò mọ ìgbà tó jókòó. Ó ní, "Ó dáa, ta ló wá jí ẹyin?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Méjìlélógójì ojú ọmọdé, méjì ti Ròfíà, méjì ti ìjọba, dígí sì tún wà lórí méjì ìkẹyìn yẹn. Súbúhánàllàhì! Kí n pe ológbò ni, kí n pe ejò ni?

Sùlíyà ló ní, "Kò sẹ́ni tó jí i."

Mo ní, "Ẹn-ẹn?"

Ó ní, "Ewé kòkó ló já bò ó. Lókè ló wà, kò lè rí i. Kó sọ̀kalẹ̀ wá jókòó lé e! Ìyá mi ní adìyẹ tí ò bá jókòó lé ẹyin ẹ̀, kò ní rọ́mọ."

Màdáàmù yíjú sí mi, ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mà, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n, mo ti ń wá ẹni tó jí i láti Àtìní. Ẹ̀rín mú un, dígí bọ́ lójú rẹ̀, Wàsíù bá a ṣà á. Ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kọ nǹkan sí i sínú fáìlì, ó ní a óò gbọ́, ó lọ.

Ẹ má lọ o, kò tíì tán! Ṣé ẹ rántí pé oòrùn wọlé sórí àlọ́? Lọ́jọ́ ọjà? Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá ń dé láti Akánrán, ogún ìyá dé. Ìyá Sùlíyà ò dé. A kírun Àsárì tán, kò dé. Áfáà Búsàrí yọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, "Làmídì." Mo ní mo ti gbọ́.

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí ọ̀kadà kan tó já a sílẹ̀. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ tààrà! Ó ní oorun ló gbé òun lọ nínú ọkọ̀, oorun tí òun ò mọ ibi tó ti wá, ọkọ̀ gbé òun kọjá oríta wa, ìgboro Ìbàdàn ni òun ti lajú, òun ò sì mọ ibi tí òun wà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ pàlọ́ lójú oòrùn?"

Mo ní, "Díẹ̀."

Kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ fún mi ni Ròfíà máa tẹ̀ síbí.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúró. Baálẹ̀ ti ń kó apẹ̀rẹ̀ kòkó wá síwájú ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kàn ń tò wọ́n. Ròfíà ò jẹun dáadáa. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé, ó kà á ní ìdúró, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n sọ. Ó ní, "Bàbá, wọ́n gbà á." Ló wá sunkún tí kò sun lọ́jọ́sí. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ kúrò. Wọ́n tún fi páálí ìwé kan ránṣẹ́, ìwé alàwòrán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màdáàmù fi sídìí lẹ́tà: kí wọ́n ká tapólì kúrò lójú fèrèsé, kí wọ́n sì jẹ́ kí bàbá máa pàlọ́ lọ.

Báwo nìyẹn ṣe máa ṣe é ṣe? Kò sí tapólì, kò sí òru. Ìyá Sùlíyà sì ti búra fún mi.

Ròfíà ló tún rí ọ̀nà. Ó gé páálí bisikíìtì sí pẹlẹbẹ, ó fi okùn gán an pọ̀. Àwọn ọmọ sọ àlọ́ Adìyẹ fún un, ó ń kọ ọ́, wọ́n ń fi èédú yàwòrán sí i. Ó ti di ìwé. Ìwé ò sì ní èèwọ̀ ọ̀sán! Ní báyìí, lágogo mẹ́wàá, fèrèsé ṣí, èmi ni mò ń jókòó sórí ẹní, àwọn ni wọ́n ń kà á fún mi. Wàsíù á di ìka mi mú, á gbé e lé lẹ́tà àkọ́kọ́, á ní Bàbá, kí nìyí? Bí mo bá ṣì í, á kanra mọ́ mi. Mo ti mọ mẹ́rin.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwa àgbà ti pẹ́ lórí ẹ̀ka jù. À ń ṣọ́ ọmọ látòkè, à ń bèèrè ta ló jí ọgbọ́n wọn. Ewé ló bò ó. Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ jókòó tì wọ́n, kódà bí a ò ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lẹ́nu lọ. Àwọn náà á fa ìyókù jáde.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ò níwèé, kí lẹ fi ń kọ́ wọn? Lágboolé tiyín, kí ni wọ́n ní ó máa ń ṣe ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Ròfíà á kà á fún mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àlọ́ lẹ kọ, a óò dúró dalẹ́ ká tó kà á o. Ìyá Sùlíyà ń lọ sọ́jà lọ́la.